Pẹlẹbẹ Dúdú Mẹ́ta Tí A Fi Yọ Háídírójìn Lára Omi

Púpọ̀ nínú àwọn ará àdúgbò mi ní Pákátà ṣì rò pé nọ́ọ̀sì ni mí. Aṣọ funfun ni wọ́n máa ń rí lọ́rùn mi bí mo bá ń lọ wọ mọ́tò láàárọ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, ni wọ́n á bá ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ bá wa wo ọmọ yìí, ara rẹ̀ ń gbóná." Mo ṣàlàyé títí, ó sú mi. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn ibà sínú báàgì mi, kí n lè tètè bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń kàwé ní Malété ló mú mi jókòó láìpẹ́ yìí. Ó ní, "Àǹtí Mémúnà, mo fẹ́ tẹ̀lé iṣẹ́ yín. Ẹ̀ ń wò mí bí ẹni pé mo sọ̀rọ̀ burúkú." Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Èyí tí mo rò nìyí, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo sì kọ ọ́ fún. Bí ẹ bá ń wá ìtàn àgbàlagbà tó ń dúpẹ́ pé iṣẹ́ òun gbe òun, ẹ wá a lọ sí ibòmíràn.

Iṣẹ́ mi ni wíwá ohun tí a lè fi yọ háídírójìn kúrò lára omi láì jẹ́ pé a ná iná mànàmáná rẹpẹtẹ. Háídírójìn jẹ́ afẹ́fẹ́ kan tó fúyẹ́ ju gbogbo afẹ́fẹ́ lọ. Bí ẹ bá ṣáná sí i, á jó, kò ní rú èéfín, omi ni yóò sì padà dà. Ẹ ro ó wò, ká máa fi omi dáná! Bí ẹ bá ki irin méjì bọ omi tí a fi ásíìdì díẹ̀ sí, tí ẹ so wọ́n mọ́ bátìrì, háídírójìn á máa hó jáde lára ọ̀kan nínú wọn. Àmọ́ omi ahun ni, kì í fẹ́ tú u sílẹ̀. Irin kan wà tí ń rọ omi tó fi ń tú u sílẹ̀ wẹ́rẹ́, pílátínọ̀mù lorúkọ rẹ̀, ẹgbẹ́ góòlù sì ni. Ta ló ń fi góòlù dáná ọbẹ̀? Ohun yẹpẹrẹ tó lè ṣe iṣẹ́ pílátínọ̀mù ni àwa ń wá. Amúṣẹ́yá ni mo máa ń pè é: á mú iṣẹ́ yá, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní tán.

Bí mo ṣe gba iṣẹ́ kò lọ́rọ̀ nínú. Mo gboyè àkọ́kọ́, yunifásítì kan ní Ìlọrin níbí gbà mí ṣe olùkọ́ kékeré, ìparí ọdún 1982 ni, kó tó di pé náírà di bébà. Àfáà ni bàbá mi, kéwú ni wọ́n ń kọ́ ọmọ nílé wa láti ìran dé ìran. Àwọn àbúrò rẹ̀ kò fẹ́ kí n lọ. Bàbá mi ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ o jàre. Ìmọ̀ Ọlọ́hun ni gbogbo rẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n dákẹ́.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ rẹ̀ ni Dókítà Àkànbí. Ó ga, ó tín-ín-rín, ẹ̀rín rẹ̀ ṣọ̀wọ́n bí òjò inú ọyẹ́. Òkè òkun ló ti kọ́ nípa amúṣẹ́yá tí wọ́n fi ń yọ imí-ọjọ́ kúrò nínú epo rọ̀bì, ohun dúdú kan tó ń kọ mànà tí ojú kò lè mọ̀ yàtọ̀ sí tìróò. Irin kan tó ń jẹ́ mọlíbúdẹ́nọ́ọ̀mù àti imí-ọjọ́ ló para pọ̀ di ohun tí àwa ń pè ní tìróò yìí. Ìpele lórí ìpele ló jókòó sí, bí àlùbọ́sà, ìpele kọ̀ọ̀kan kò sì nípọn ju átọ́ọ̀mù mẹ́ta lọ. Dókítà gbà pé ohun tó lè gba imí-ọjọ́ lọ́wọ́ epo lè gba háídírójìn lọ́wọ́ omi, bí a bá lè tún ìpele rẹ̀ tò. Ohun tó ní kí n wá fi gba oyè dókítà tèmi náà nìyẹn. Ẹni tí kò bá gba oyè yìí kò lè pẹ́ nípò olùkọ́, òfin ilé iṣẹ́ wa ni.

Ṣé ẹ rò pé ọjọ́ kìíní ni mo fọwọ́ kan tìróò? Ìgò ni mo fọ̀. Mo fọ ìgò títí ọdún fi fẹ́rẹ̀ yípo. Dókítà á gbé ìgò sókè síbi fèrèsé, á da omi sí i, á wò ó bó ṣe ń ṣàn. Bí omi bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ó mọ́. Bí ó bá ṣù kóókó níbì kan, ọ̀rá wà níbẹ̀. "Tún un ṣe," kò ní sọ ju ìyẹn lọ. Kò gbà kí n fi òróró para wá síbi iṣẹ́, ọyẹ́ ìlú wa sì rèé, ọwọ́ mi sán títí ó fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tí mo ṣe ìgbéyàwó, mo dé ibi iṣẹ́ pẹ̀lú làálì lọ́wọ́ bí ìyàwó tuntun. Ó wo ìka mi, ó ní, "Padà wá nígbà tí ìyẹn bá ṣí." Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kò bínú nígbà náà, nítorí bí mo ṣe rí i, ọ̀nà tí bàbá mi fi ń kọ́ ọmọ ní kéwú náà ni: o kò lè ṣí ojú ewé tó kàn bí o kò bá tíì ka èyí tó wà níwájú rẹ já. Òfin Dókítà kan tún wà tó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Á na ìka sókè: "Ẹ̀ẹ̀kan, èèṣì ni. Ẹ̀ẹ̀mejì, bóyá àlá ni. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, a lè sọ̀rọ̀." Ohunkóhun tí a kò bá tíì ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu wa. Mo fẹ́ràn òfin yẹn. Mo máa ń fi í yangàn fún ọkọ mi nílé.

Irin iṣẹ́ ìgbà yẹn á pa yín lẹ́rìn-ín. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn nǹkan, ọmọ ìwọ̀n bàbà kéékèèké ni a ń fi ẹ̀mú gbé lé e. Ẹ̀rọ tó ń sọ bí iná ṣe ń ṣàn fúnra rẹ̀ ń kọ̀wé, pẹ́ẹ̀nì kékeré kan á máa fà lórí bébà, bí yíǹkì rẹ̀ bá gbẹ, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́. Iná ìléru wa gbọ́dọ̀ dúró lójú kan fún ọjọ́ mélòó kan kí tìróò tó jinná, NEPA ní tiwọn kò mọ̀ pé a ń se nǹkan. Wọ́n á mú un lọ, ìléru á tutù lójijì, ọ̀pá amọ̀ inú rẹ̀ á sán. Nígbà tí inú rẹ̀ fọ́ pátápátá, tí kò sí èyí tí a lè rà láti òkèèrè mọ́, mo lọ bá àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Òkèlele. Mo yàwòrán rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, wọ́n bi mí pé irú ìkòkò wo ni kò nídìí. Wọ́n mọ ọ́n, a lò ó, kò sì sán mọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí eyín Dókítà.

Ìgbà tí a dé ibi iṣẹ́ gan-an, mo ki ẹyọ tìróò ńlá kan bọ omi onásíìdì, mo ń fi awò wo bó ṣe ń hó. Mo rí i pé ojú rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ kò ṣe nǹkan kan. Etí ìpele, níbi tó ti gé, ni ìfóòfó ti ń jáde, wínní wínní. Mo pe Dókítà. Ó wò ó, ó tún un wò, ó jókòó. Ó ní, "Bó bá jẹ́ pé etí ni, ohun tó kù ni ká mú etí pọ̀." Ọ̀rọ̀ tí a fi ọdún mélòó kan ṣiṣẹ́ lé lórí nìyẹn. Irin fífúyẹ́ kan wà tó ń jẹ́ lítíọ́ọ̀mù, inú òróró ló ti ń wá nínú ìgò láti òkè òkun, bó bá sì kan afẹ́fẹ́, á gbiná. A ń fi òróró yìí rẹ tìróò kí lítíọ́ọ̀mù lè rá wọ àárín ìpele. Bí a bá wá da á sómi, afẹ́fẹ́ á hó láàárín wọn, á ya wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A wá kọ́ bí a ṣe ń tò wọ́n sára irin pẹlẹbẹ kan kí wọ́n dúró lóòró bí ìwé lórí pẹpẹ, kí etí wọn kọjú sómi, kí a sì fi átọ́ọ̀mù irin mìíràn, kóbọ́ọ̀tì, sí etí náà. Ẹ má bi mí bí iye ìgbà tó bàjẹ́ ṣe pọ̀ tó.

Pẹlẹbẹ kìíní tó gbà, dúdú rẹ̀ kò tilẹ̀ kọ mànà, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ki í bọ omi, mo tan iná díẹ̀ sí i, ìba tí kò yẹ kó mú nǹkan kan jáde. Ó hó. Ó hó bí ọṣẹ. N kò ní purọ́, kò tó pílátínọ̀mù, àmọ́ ó sún mọ́ ọn. Mo kígbe, "Àlíhámúdù lílàhì! Sà, ẹ wá wò ó!"

Dókítà wò ó. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. 

Mo ní, "Sà, ẹ jẹ́ ká kọ̀wé nípa rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì ṣe irú èyí."

Ó ní, "Mémúnà, ẹ̀ẹ̀kan, èèṣì ni."

Èkejì pẹ́ kó tó dé. Àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti géètì, a wọlé, wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀. Ìjọba ológun ń ṣe tiwọn. Náírà wó débi pé ilé iṣẹ́ wa kò lè ra ọṣẹ ìfọgò mọ́, áḿbọ̀sì òróró lítíọ́ọ̀mù. Nígbà tí pẹlẹbẹ kejì hó bíi ti ìṣáájú, mo tún bẹ̀ ẹ́, ó tún na ìka sókè. Èyí tó kù nínú ìgò òróró náà kò lè ṣe ju ẹyọ kan lọ, ìgò tó kẹ́yìn sì ni. Mo ṣe ẹ̀kẹta pẹ̀lú àdúà. Mo dán an wò fúnra mi lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó hó. Ó kù kí Dókítà fi ojú ara rẹ̀ rí i, kó jókòó tì í bó ti jókòó ti àwọn méjì ìṣáájú, ó sì ti fi í sí ọjọ́ Ajé. Mo tò wọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí àtẹ, mo fi ìgò dé wọn, mo ti yàrá. Mo fi kọ́kọ́rọ́ fún Dókítà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa.

Bàbá mi kú lọ́jọ́ Àìkú. A sin wọ́n lọ́jọ́ náà, mo sì wà nílé títí a fi ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ìròyìn dé ibi iṣẹ́ wa pé gómìnà ológun ń bọ̀ wá wo ilé ẹ̀kọ́. Ẹ mọ̀ wá níhìn-ín. Bí àna bá ń bọ̀ nílé wa, àwọn obìnrin á kó gbogbo ìkòkò síta, wọ́n á fi eérú àti yanrìn ha ìdí wọn títí yóò fi funfun, nítorí ilé tí ìdí ìkòkò rẹ̀ bá dúdú, àna á ní ọ̀bùn ló ń gbé ibẹ̀. Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ wa náà ṣe nìyẹn. Wọ́n kun ògiri, wọ́n fi ẹfun kun òkúta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n ní gbogbo yàrá gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ fún wa, Ìyá Rísì, tó wá láti abúlé oko kan lọ́nà Malété, ni wọ́n ní kó ṣe yàrá tiwa. Ó fẹ́ràn mi. Ẹ̀gbọ́n ló jẹ́ sí mi.

Ọjọ́ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé mi. Ó kí mi kú ara fẹ́ra kù, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá fà mí lọ́wọ́ wọlé.

"Àǹtí, ẹ wá wo iṣẹ́ tí mo bá yín ṣe. Mo ní bí ẹ bá fi ọ̀fọ̀ dé, kí ẹ má tún wá bá ìdọ̀tí. Wàlahì, àwọn irin yẹn lágídí! Omi ò ràn wọ́n, ọṣẹ ò ràn wọ́n. Eérú ni mo lọ bù wá láti ilé."

Àwọn pẹlẹbẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí àtẹ. Wọ́n ń dán. Mo rí ojú ara mi nínú wọn.

Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Dúdú ni wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé kó máa ha, ó sì ha á pẹ̀lú ìfẹ́. Mo ní, "Ẹ ṣé, Ìyá. Ọlọ́hun á san án fún yín." Mo jáde, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Gbogbo ẹni tó kọjá rò pé bàbá mi ni mò ń sunkún. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń wá, àwọn baba wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ha ìkòkò, ẹ̀kọ ti bá a lọ.

Dókítà wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń máàkì ìdánwò. Mo dúró níwájú tábìlì.

"Sà, àwọn pẹlẹbẹ yẹn."

"Mo ti rí i."

"Ẹ̀yin lẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́?"

"Wọ́n ní gbogbo yàrá gbọ́dọ̀ mọ́, Mémúnà."

"Ẹ kò sì sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan àtẹ yẹn?"

Ó ṣí ìwé ìdánwò mìíràn. Mo ní, "Sà, ẹ jẹ́ ká kọ èyí tí a rí lára méjì ìṣáájú. Bébà tí ẹ̀rọ kọ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà jókòó tì í."

"Bí àwọn tó kà á bá ní ká mú u wá ká fi hàn wọ́n ńkọ́? Irin tó ń dán la fẹ́ fi hàn wọ́n?" Ó mú bírò rẹ̀. "Tún un ṣe."

"Kí n fi kí ni tún un ṣe, sà?"

Ó ń máàkì ìwé lọ. Gómìnà náà kò sì dé ọ̀dọ̀ wa. Ó jẹun ní gbọ̀ngàn ńlá, ó sọ̀rọ̀, ó wọ mọ́tò.

Àwọn tó gbọ́ nípa àwọn pẹlẹbẹ náà ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo ṣe àmín. Agbè gan-an ló fọ́, èmi nìkan ni mo mọ̀. Kò pẹ́ tí Dókítà fi bá àwọn tó ń sá lọ sí Saudi lọ, ó ní òun á máa kọ̀wé sí mi, kò kọ ọ́. Ọ̀gá tí wọ́n fún mi lẹ́yìn rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ nípa tìróò. N kò gba oyè. Òfin dé, wọ́n yọ mí kúrò nípò olùkọ́, wọ́n fi mí ṣe alábòójútó yàrá ìdánwò. Ibẹ̀ ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì, tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ṣe ń fi sobo, omi ìṣápá pupa, dá ásíìdì mọ̀ nítorí kò sí oògùn tó yẹ, tí àwọn tí mo kọ́ ń padà wá bí dókítà, tí wọ́n ń pè mí ní Ìyá Láàbù. Ẹ̀rọ ìgbàlódé wá dé díẹ̀díẹ̀. Òṣùwọ̀n di èyí tó ń fi iná sọ nọ́ńbà, pẹ́ẹ̀nì tó ń fà lórí bébà di kọ̀ǹpútà. Mo máa ń nu eruku ara wọn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Malété yìí náà ló fi fóònù rẹ̀ hàn mí pé gbogbo ayé ló ń ṣe é báyìí, tìróò onípele, kí etí rẹ̀ pọ̀, kí kóbọ́ọ̀tì jókòó sí i. Wọ́n tilẹ̀ ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rí átọ́ọ̀mù etí náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara mi kò balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọ́ pé Dókítà ti padà sílé, pé àìsàn rọ ọ́ lápá kan, ni mo bá lọ kí i.

Orí àga ni mo bá a, wọ́n fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn. Ó dá mi mọ̀. Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Ẹnu rẹ̀ ń wúwo nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Mo mọ̀. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ̀ pé òótọ́ ni."

"Ọjọ́ pẹlẹbẹ àkọ́kọ́?"

"Ọjọ́ náà."

"Kí ló wá dé tí ẹ kò jẹ́ ká kọ ọ́, sà?"

"Ẹ̀rù bà mí. Láti Ìlọrin? Ìléru tí àwọn ìyá Òkèlele mọ? Mo ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ará òkè òkun létí mi. Mo ní bó bá di mẹ́ta, ọkàn mi á balẹ̀."

Gbogbo ọdún yẹn, eérú ni mo ń bínú sí, àti gómìnà, àti kọ́kọ́rọ́ yẹn. Mo wá bi í ní ohun tí n kò tíì rò láti bi ẹnikẹ́ni rí.

"Sà, ká ní wọn kò ha á ńkọ́? Ká ní mo dé lọ́jọ́ yẹn, tí ẹ fi ojú yín rí i pé ẹ̀kẹta náà hó?"

Ó wò mí. Omi ń dà lójú rẹ̀ tí àìsàn kò jẹ́ kó lè pa dé.

Ó ní, "Màá ti ní kó di márùn-ún."

Mo bẹ Ọlọ́hun kó fún un ní àlàáfíà. Mo dìde, mo wọ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, mo wá mọ́tò Pákátà wọ̀. N kò tíì padà débẹ̀.